Omi Inú Ìlú Istanbul: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò Ráńpẹ́

Ọjọ́rú

Ohun méjì ni ó gbé wa dé Istanbul. Àkọ́kọ́ ni oyè Bey tí gbogbo ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ mọ́ orúkọ Mohammed Shitta, ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ mọ́ṣáláṣí tí ó wà ní òpópónà Martins títí di òní, nítorí pé láti ọ̀dọ̀ Sultan ilẹ̀ Túrkì ni oyè náà ti wá. Èkejì ni omi. Ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ rin ìrìn-àjò yìí ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà omi títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti máa ń sọ pé ìlú tí òkun yí ká, tí kò ní odò ńlá kankan nínú, tí ó sì fi ohun tí ó lé ní 1,500 ọdún jẹ́ olú-ìlú fún àwọn ọba alágbára, kò lè ṣàìní ohun tí ará Èkó máa rí kọ́ níbẹ̀. Ní tèmi, ìtàn ni mo fẹ́ràn, nítorí náà ìrìn-àjò náà bá àwa méjèèjì lára mu.

Pápákọ̀ òfurufú tuntun tí wọ́n ṣí ní 2018 jìnnà sí àárín ìlú. Apá àríwá ni ó wà, nítòsí Òkun Dúdú, ilẹ̀ sì ti ṣú kí bọ́ọ̀sì tó gbé wa dé ìtòsí Sirkeci tí a dé sí. A kò lọ ibì kankan mọ́ ní alẹ́ náà. Ọkùnrin tí ó gbà wá sílé ìtura fi ìgò omi ńlá onílítà 19 hàn wá ní ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, ó ní inú rẹ̀ ni kí a ti máa bu omi mímu. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè bóyá omi ẹ̀rọ ìlú kò mọ́ ni. Ó fèsì pé ó mọ́, ṣùgbọ́n pé omi ìgò ni àwọn ará ìlú fẹ́ràn láti máa mu, bí ó bá sì ti tán, ìpè kan péré ni, wọ́n á gbé òmíràn wá sẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́bọ̀

A tètè dé Hagia Sophia, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Ayasofya, kí èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tìrìtìrì. Ọba Justinian ni ó ní kí wọ́n kọ́ ọ láàárín 532 sí 537, lẹ́yìn tí àwọn tó dìtẹ̀ sí i ti dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n méjì, Anthemius ará Tralles àti Isidore ará Miletus, ni wọ́n ya àwòrán rẹ̀. Òrùlé rìbìtì tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé e wó ní 558, èyí tí wọ́n fi dípò rẹ̀, tí wọ́n parí ní 562, ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí Sultan Mehmed Kejì ṣẹ́gun ìlú náà ní 1453, ó sọ ọ́ di mọ́ṣáláṣí. Ní 1935, ó di ilé ìṣẹ̀m̀báyé, ní 2020 ni ó sì padà di mọ́ṣáláṣí.

Báyìí, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni àwọn tó wá wòran ń gbà, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n sì ń mú wọn lọ, yúrò 25 ni owó ìwọlé. Àwọn tó wá kírun ń gba ìsàlẹ̀ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. A kọ́kọ́ sanwó, a gòkè. Láti òkè ni ojú ti ń rí fèrèsé 40 tí ó yí ìdí òrùlé náà ká, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé tó fi dà bí ẹni pé òrùlé náà kò dúró lórí nǹkan kan. Àwòrán Jésù pẹ̀lú Màríà àti Jòhánù Onítẹ̀bọmi, tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tò sára ògiri, ṣì wà níbẹ̀, bí ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ti ṣí dànù. Lórí òkúta mábù kan tí èèyàn lè fara tì, ẹnì kan láti ilẹ̀ àwọn Viking, àwọn atukọ̀ jagunjagun àríwá Yúróòpù, fi ọ̀bẹ kọ orúkọ rẹ̀, Halfdan, ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó mọ nǹkan mìíràn nípa rẹ̀.

Nígbà tí àkókò ìrun Àyìlá tó, a sọ̀ kalẹ̀, a gba ẹnu ọ̀nà àwọn olùjọ́sìn wọlé. Níbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti rí ohun tí wọ́n ń wá: ìkòkò mábù méjì tí Sultan Murad Kẹta gbé wá láti Pergamon, ìlú àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Túrkì, ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Òkúta kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ omi sí ìdí rẹ̀ kí àwọn tó wá kírun lè rí omi lò. Ó rí gẹ́lẹ́ bí àmù tí ìyá wa àgbà máa ń gbé sí igun yàrá, àfi pé ènìyàn lè sápamọ́ sínú èyí.

Láti ibẹ̀, a kàn sọdá ọ̀nà ni, a sì ti dé ẹnu ilé omi abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Yerebatan. Mo ní láti fi àyè sílẹ̀ fún un nínú àkọsílẹ̀ yìí, nítorí mi ò tíì rí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn tí ó wọ̀ mí lọ́kàn tó o. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni òtútù ń pọ̀ sí i, tí ariwo ìgboro sì ń dínkù lẹ́yìn wa. Òpó 336 ni ó dúró nínú rẹ̀, ìlà 12 tí òpó 28 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, òpó kọ̀ọ̀kan sì ga tó mítà 9. Gbọ̀ngàn náà gùn tó mítà 138, ó fẹ̀ tó mítà 65. Ìgbà ayé Justinian yìí kan náà ni wọ́n kọ́ ọ, omi tí ó sì lè gbà tó nǹkan bí mílíọ̀nù 80 lítà.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró lórí afárá tí wọ́n tẹ́ fún àlejò, wọ́n ń fi ẹnu ṣírò. Wọ́n ní bí a bá ń bu lítà 20 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, omi yìí á tó 100,000 ènìyàn fún ogójì ọjọ́. Ìyẹn gan-an ni ìdí tí wọ́n fi kọ́ ọ. Òkèèrè ni omi ti ń wá, ọ̀tá tó bá sì dó ti ìlú lè gé e kí ó tó wọlé, nítorí náà ìlú tó gbọ́n gbọ́dọ̀ ní omi nípamọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ kan ara ògiri níbi tí wọ́n ti gbà kí ènìyàn súnmọ́ ọn, wọ́n fi hàn mí bí wọ́n ṣe fi àpòrọ́ tí omi kò lè gbà kọjá rẹ́ ara bíríkì náà láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní bí àpòrọ́ yẹn bá sán, gbogbo òpó yòókù kò wúlò.

Ní igun tó jìnnà jù lọ, orí méjì ti Medusa, obìnrin onírun ejò inú ìtàn àròsọ àwọn Gíríìkì, tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta wà lábẹ́ òpó méjì, ọ̀kan dorí kodò, èkejì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Onírúurú ìtàn ni àwọn afinimọ̀nà ń sọ nípa wọn. Ẹ̀gbọ́n mi gbà pé láti ara ilé àtijọ́ kan ni àwọn kọ́lékọ́lé ti kó wọn wá, pé bí wọ́n ṣe dọ́gba pẹ̀lú gíga tí òpó náà ń fẹ́ ni wọ́n ṣe gbé wọn sílẹ̀, mo sì rò pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìtàn tí ó dùn mọ́ mi jù ni ti Petrus Gyllius, ọ̀mọ̀wé ará Faransé tí ó dé ìlú yìí ní àwọn ọdún 1540. Ó rí i pé àwọn tó ń gbé lókè ibẹ̀ ń ju korobá sínú ihò tí wọ́n dá sí ilẹ̀ ilé wọn, wọ́n ń fa omi, wọ́n tilẹ̀ ń rí ẹja mú, láìmọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀. Ní 1987 ni wọ́n tó palẹ̀ ẹrẹ̀ inú rẹ̀ mọ́ tí wọ́n ṣí i fún aráyé.

A fi ìyókù ọ̀sán rìn yí ká pápá ìdíje ẹṣin àtijọ́, níbi tí òpó òkúta tí Ọba Theodosius gbé ró ní 390 wà. Ilẹ̀ Íjíbítì ni wọ́n ti gbé e wá, iṣẹ́ Thutmose Kẹta, ọba Íjíbítì àtijọ́, ni, ó sì ti pé ẹgbẹ̀rún ọdún dáadáa kí ó tó kúrò nílé. Mọ́ṣáláṣí Sultan Ahmed tí ó ní ilé gogoro ìpèrun mẹ́fà wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì

Òní ni a lọ wo ojú ọ̀nà tí omi ń gbà wọ ìlú nígbà àtijọ́. Afárá omi Valens dá ojú ọ̀nà Atatürk kọjá ní àárín ìlú gan-an, àwọn ọkọ̀ sì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Ìgbà ìjọba Ọba Valens, tí ó jọba láti 364 sí 378, ni wọ́n parí rẹ̀. Ohun tí ó kù nílẹ̀ ṣì gùn ju mítà 900 lọ, ibi tí ó ga jù sì súnmọ́ mítà 30.

Mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló dé tí wọ́n fi gbé omi sókè bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n wo ọ̀tún, kí n wo òsì. Òkè ni ó wà ní ìhà méjèèjì, àfonífojì ni a dúró sí. Àwọn ènìyàn ìgbà náà kò ní ẹ̀rọ tó lè fa omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ gẹ̀rẹ́ ni wọ́n gbára lé, nítorí náà láti orísun rẹ̀ dé ìlú, omi náà kò gbọdọ̀ sọ̀ ju bó ti yẹ lọ níbi kankan, nítorí pé nínú ojú omi tí kì í ṣe páìpù, omi tí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì kò ní lè dé orí òkè kejì mọ́. Omi náà wá láti ìhà Vize, ní Thrace, ilẹ̀ tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Istanbul, ojú ọ̀nà tí ó sì ń tọ̀ wá lé ní 200 kìlómítà, ó ń yí àwọn òkè po, ó ń wọ abẹ́ ilẹ̀, ó ń gun afárá. Wọ́n ní bí àwọn bá ní kí àwọn ọmọṣẹ́ àwọn wọn irú ilẹ̀ gẹ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí, pẹ̀lú gbogbo irinṣẹ́ ìgbàlódé, àwọn á tún un wò lẹ́ẹ̀mejì kí àwọn tó fọwọ́ sí i.

Ohun tí Justinian bẹ̀rù ṣẹlẹ̀ ní 626. Àwọn Avar, ẹ̀yà jagunjagun kan, dó ti ìlú, wọ́n gé ojú omi yìí, a kò sì tún un ṣe títí ọ̀dá fi dá ní 766, tí Ọba Constantine Karùn-ún kó àwọn oníṣẹ́ jọ láti tún un ṣe. Ó lé ní 130 ọdún tí ìlú fi gbára lé omi òjò, kànga àti àwọn ilé omi abẹ́ ilẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ èyí ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo àwọn òpó àná.

Láti ibẹ̀, a fi ẹsẹ̀ rìn dé mọ́ṣáláṣí Süleymaniye fún ìrun Jímọ̀. Sinan, olórí àwọn kọ́lékọ́lé Sultan Süleyman, ni ó kọ́ ọ láàárín 1550 sí 1557. Kí ẹ má rò pé mọ́ṣáláṣí nìkan ni. Ilé kéwú, ilé ìwòsàn, ilé ìdáná tí wọ́n ti ń bọ́ aláìní àti ilé ìwẹ̀ wà lára rẹ̀, owó tó ń wọlé láti orí dúkìá tí Sultan fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ Ọlọ́run sì ni wọ́n fi ń bójú tó gbogbo rẹ̀ nígbà náà. Mo rò pé èyí ni ó yẹ kí àwa tó ń kọ́ mọ́ṣáláṣí kiri wò dáadáa, nítorí ẹni tó kọ́ ilé yìí ti ronú sí owó àtúnṣe rẹ̀ kí ó tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.

Ẹ̀rọ omi àlùwàlá tò lọ bẹẹrẹ lára ògiri ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí náà, ìjókòó òkúta kékeré kan sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá arúgbó kan tí ó ti ṣe tirẹ̀ tán rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ń wá ibi tí wọ́n á gbé aṣọ sí; ó na ọwọ́, ó gba agbádá wọn, ó sì dì í mú títí wọ́n fi fọ ẹsẹ̀ kejì. Kò gbọ́ èdè wa, a kò gbọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó dáhùn sálámà wa ketekete. Ìwáàsù lédè Túrkì ni, kò pẹ́. Ìkírun yìí kan náà tí a ń kí ní Èkó ni, ìka kan kò yàtọ̀.

Nínú mọ́ṣáláṣí náà, wọ́n fi yàrá kan hàn wá lókè ẹnu ọ̀nà. Sinan dá ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà sí i lọ́nà tí yóò fi fa èéfín àwọn fìtílà wọ inú yàrá náà, kí ó má baà ba òrùlé jẹ́, àwọn akọ̀wé sì ń fi èédú rẹ̀ ṣe yíǹkì. Sàréè Sinan fúnra rẹ̀, ẹni tí ó kú ní 1588, wà ní igun kan lẹ́yìn ògiri, kékeré ni, kò ṣe fáàrí. A jẹun ọ̀sán ní òdìkejì mọ́ṣáláṣí, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀wà funfun tí wọ́n fi tòmátì sè, tí wọ́n bù pẹ̀lú ìrẹsì. Ata rẹ̀ kò tó fún wa, ṣùgbọ́n ẹ̀wà náà jinná dáadáa, ó rọ̀, a sì béèrè abọ́ kejì.

Àbámẹ́ta

Ààfin Topkapı ni a fi òwúrọ̀ wò. Èrò pọ̀ jù. Yàrá àwọn ohun mímọ́, níbi tí àwọn àfáà ti ń ka Àlùkùránì, tó láti mú ènìyàn wá, ṣùgbọ́n yàrá Murad Kẹta, tí Sinan kọ́ ní 1578, ni a pẹ́ sí jù. Ojú omi òkúta kan wà lára ògiri rẹ̀, omi ń ti orí ìpele kan ṣàn bọ́ sórí òmíràn. Wọ́n ní ìró rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹni tó ń dẹtí lẹ́yìn ilẹ̀kùn gbọ́ ọ̀rọ̀ Sultan. Níta ẹnubodè ààfin, ilé omi tí Sultan Ahmed Kẹta kọ́ ní 1728 dúró gedegbe. Ẹ̀rọ omi wà ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń jókòó sẹ́yìn fèrèsé onírin nígbà náà, tí wọ́n ń bu omi sàráà fún ẹni tó ń kọjá. Irú rẹ̀ pọ̀ káàkiri ìlú, púpọ̀ nínú wọn ni obìnrin ààfin kọ́ nítorí láádá.

Lẹ́yìn ọ̀sán ni a lọ sí òpópónà Divanyolu, sí ibojì tí wọ́n kọ́ fún Sultan Mahmud Kejì, nítorí pé níbẹ̀ ni wọ́n sin Sultan Abdul Hamid Kejì, tí ó kú ní 1918, sí. Òun ni ó fi oyè Bey àti àmì-ẹ̀yẹ Mecidiye ránṣẹ́ sí Mohammed Shitta. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje 1894, tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí náà ní Èkó, Abdullah Quilliam, olórí àwọn Mùsùlùmí ìlú Liverpool, ni ó ṣojú Sultan níbẹ̀, Gómìnà Carter náà sì wà níjókòó. Ọmọ àwọn Yorùbá tí wọ́n tú sílẹ̀ lóko ẹrú ni Shitta, Sàró ni wọ́n ti bí i, òwò ni ó fi là. Mo dúró níwájú pósí tí wọ́n fi aṣọ bò náà, mo ń ronú pé ọba tí wàhálà ìjọba tirẹ̀ kò jẹ́ kí ó sùn rí àyè láti bu ọlá fún oníṣòwò kan ní etí ọ̀sà wa. A ṣe àdúà fún àwọn méjèèjì. Ọjà Kapalıçarşı kò jìnnà síbẹ̀, a wọ ọ́, a ra ṣáálì, a jáde.

Ọjọ́ Àìkú

Ọkọ̀ ojú omi ni a wọ̀ láti Eminönü lọ sí Üsküdar, ní apá ilẹ̀ Éṣíà. Káàdì kan náà tí a fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin ni a fi wọ̀ ọ́, èrò jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń mu tíì nínú ife gíláàsì kékeré. Ara ògiri mọ́ṣáláṣí Yeni Valide ní Üsküdar ni mo ti rí ilé kékeré tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ fún àwọn ẹyẹ, pẹ̀lú òrùlé àti fèrèsé.

Ní ọ̀sán, a gòkè lọ sí Taksim, níbi tí ilé omi olókùúta tí wọ́n kọ́ ní 1732 wà. Ibẹ̀ ni omi tó ń bọ̀ láti àríwá ti ń pín lọ sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan nígbà àtijọ́. Àwọn èrò ń kọjá, ṣàṣà ni ẹni tó ń wò ó. Ní ìdí rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ohun tí mi ò mọ̀ fún mi, pé Abdul Hamid yìí kan náà ni ó fi páìpù irin gbé omi Hamidiye wá láti ìhà Kâğıthane sí Yıldız àti Beyoğlu ní 1902, pé orúkọ rẹ̀ ni ó sì wà lára ìgò omi tí a rà nínú ọkọ̀ lówùúrọ̀. Ní bí àkókò yẹn náà ni ìjọba àmúnisìn fẹ́ gbé omi ẹ̀rọ wá sí Èkó, tí àwọn ará Èkó fi ẹ̀hónú hàn ní 1908 àti ní 1916 nítorí owó orí omi tí wọ́n fẹ́ kó lé wọn lórí. Ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n fi gbogbo ìgbà iṣẹ́ wọn béèrè pé kí ará ìlú sanwó omi, sọ pé àwọn kò dá àwọn àgbà náà lẹ́bi: ẹni tó mú omi wá nígbà náà kò bá wọn jókòó, kò sì sọ bí òun ṣe máa náwó náà. Mo gbà pẹ̀lú wọn.

Ohun kan ṣoṣo tí a kò rí ni afárá omi Mağlova, èyí tí Sinan kọ́ sórí odò Alibey lẹ́yìn ìlú, tí ó ga ní mítà 36, tí ó sì gùn ní mítà 258. Àgbàrá wó apá kan rẹ̀ ní 1563, Sinan sì tún un kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti wo máàpù, wọ́n ti mọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìtòsí rẹ̀, wọ́n sì ti sọ fún mi pé ibẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ lọ nígbà mìíràn, kí a tó ya ibikíbi. Ọkọ̀ òfurufú wa gbéra ní alẹ́ ọjọ́ náà.